Ta Ló Lu Ìlù Inú Àwo "A Ti Lọ"?

Ọwọ́ Àbúbákr kì í gbélẹ̀. Ẹ bá a níwájú ilé rẹ̀ ní Ìfọ̀ láàárọ̀, ìka rẹ̀ á máa jó lórí apá àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún á máa tẹ ilẹ̀, orí rẹ̀ á máa mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbà fún ẹnì kan. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò máa ń rò pé àìsàn àgbà ni. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí i, wọ́n á ní kí Ọlọ́run fún Bàbá ní àlàáfíà. Bàbá á ṣe àmín, ọwọ́ kò ní dúró.

Àlàáfíà wà lára rẹ̀ o. Iṣẹ́ ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Káfíńtà olórùlé ni, ilé tó sì ti kan páànù sí lórí láti Ìfọ̀ dé Òkè-Àró, láti Ìbafò dé Mowé, òun fúnra rẹ̀ kò lè rántí wọn tán. Nígbà tí Mowé ṣì jẹ́ igbó, tí àwọn ará Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́ wá ra ilẹ̀ síbẹ̀, òun ló ń gun òrùlé wọn. Àwọn tó mọ ọwọ́ rẹ̀ kì í gbójú sókè kí wọ́n tó mọ̀ pé Bàbá Ròkíátù ló wà lórí ilé. Hámà tirẹ̀ kì í dún kó, kó, kó bíi ti àwọn yòókù. Ó máa ń yí i ni. Á kàn án lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á fo ọ̀kan, á wá fi ẹ̀gbẹ́ hámà gba igi. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí jó lórí igi àjà, òun á sì máa bú wọn pé bí wọ́n bá já bọ́, òun kọ́ ló máa sọ fún ìyá wọn.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn ọmọ rẹ̀ pe ìpàdé lé e lórí. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá òkè àjà, kò gbọdọ̀ gùn ún mọ́. Ó gbà fún wọn nítorí pé wọ́n pọ̀ jù ú lọ. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Ẹni tó ti ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wo orí àwọn èèyàn láti òkè, ẹ wá ní kó jókòó nílẹ̀ kó máa wo ẹsẹ̀ wọn. Kí ni kó ṣe? Ó ra rédíò kékeré kan, ó ń gbọ́ ọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Rédíò náà ló kó bá a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fi àkàrà mu ògì lọ́wọ́ nígbà tí gìtá kan bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ orin náà kí etí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ṣíbí ti ń lu abọ́. Fèrè wọlé, ṣíbí tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni ọmọdékùnrin tó ń ṣètò orí rédíò gba ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin tèmi, this one na fire! A Ti Lọ ni wọ́n ń pe àwo yìí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Olúgbádé ló ṣe é, àwọn tó sá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn FESTAC. Nígbà yẹn, kò tà rárá. Òyìnbó kan ló wá rí ẹyọ kan nínú páálí ní Surulere, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé ti wá ń jó fọ́ǹkì àwọn bàbá wa báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dùn o. Ẹ gbọ́ orúkọ onílù!"

Ó gbé orin náà sókè. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn: ta ló ń ta gìtá? Lásúnkànmí ni. Ta ló ń fun fèrè? Muqtadir ni. Ta ló ń lùlù? Ìlù yí, ohùn náà sì kígbe: "Olúgbádé, ọba wa!"

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni ọmọ rédíò wí. "Olúgbádé fúnra ẹ̀! Àwọn ọmọ tó kọ ọ̀gá sílẹ̀, ọ̀gá tún yọ́ tẹ̀ lé wọn lọ sí sítúdíò, ó lùlù fún wọn. Kò bínú! Large heart! Ibo lẹ ti máa rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lónìí?"

"Irọ́!" ni Àbúbákr pariwo mọ́ rédíò. "Irọ́ lò ń pa, ìwọ ọmọ yìí! Èmi ni! Èmi ni mo lù ú!"

Rédíò kì í gbọ́ èsì. Ó ti ń polówó ọṣẹ. Ìyá aláṣọ tó ń kọjá lọ lójú títì dúró, ó bi Bàbá bóyá nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Àbúbákr sọ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín dáadáa, ó ní, "Bàbá káfíńtà, ẹ̀yin náà ti lu ìlù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù rí? Ẹ ò sọ fún wa." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò gbà á gbọ́, a ò sì lè bá a wí.

Ìfọ̀ yìí kan náà ni wọ́n bí Àbúbákr sí, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì gbayì níbẹ̀. Sàlámì bàbá rẹ̀ wà lára àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń tún ojú irin ṣe. Ní ilé ìwé, tábìlì ni Àbúbákr ń lù, tíṣà sì ń lu òun náà. Kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó kó lọ sí Èkó pẹ̀lú ìlù jáàsì lọ́kàn, àwọn ìlù òyìnbó tí èèyàn ń jókòó sáàárín wọn, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́. Olúgbádé gbọ́ ọ níbì kan, ó sì mú un.

Ta ni kò mọ Olúgbádé láyé ìgbà yẹn? Ìlú gbogbo ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè lórí ìtàgé rẹ̀. Ọ̀gá kì í tètè jáde. Á fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ títí ara àwọn èrò á fi gbóná. Bí ó bá tó àkókò, Àbúbákr á yí ìlù, Adébánjí olóhùn á kígbe orúkọ ọ̀gá, ọ̀gá á yọ nínú ẹ̀wù tó ń dán yinrin, pápá á gbiná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo òde. Ìlù ló ń darí ẹnu níbẹ̀: Adébánjí kì í ronú kó tó kígbe, ohun tí ìlù bá ní kó sọ ló ń sọ. Ẹ̀yìn àwo wọn, àwòrán ọ̀gá. Iwájú àwo wọn, àwòrán ọ̀gá. Àwọn ọmọ tó ń làágùn nídìí ìlù àti fèrè, ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ wọn kó lọ bi ìyá wọn.

Ọjọ́ kan ló dun Àbúbákr jù. Wọ́n lọ ṣeré ní Abẹ́òkúta, Sàlámì gbọ́, ó sì wọ agbádá kan ṣoṣo tó ní, ó wá jókòó níwájú pátápátá. Ó jókòó títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́. Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ ìlù ẹ. Mi ò gbọ́ orúkọ ẹ." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ ọmọ rẹ̀ lára. Sàlámì kú kí ọdún náà tó parí.

Nítorí èyí ni Àbúbákr fi dára pọ̀ mọ́ Lásúnkànmí, Muqtadir àti Adébánjí, tí wọ́n fi kúrò lábẹ́ Olúgbádé, tí wọ́n fi ṣe A Ti Lọ. Orin tó kẹ́yìn nínú àwo náà, torí orúkọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Adébánjí ni yóò pè é, nítorí láàárín àwọn olórin, èèyàn kì í fẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀. Wọ́n pé nínú sítúdíò, gbogbo wọn jọ ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà, onísítúdíò sì ti kìlọ̀ pé téèpù kan ṣoṣo tó kù lòun ti gbé sórí ẹ̀rọ yẹn. Adébánjí pe Lásúnkànmí, ó pe Muqtadir. Ó kan Àbúbákr. Ó lanu, ó pe Olúgbádé.

Kò sí téèpù mọ́. Àbúbákr gbé ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jáde, kò sì dúró gbọ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ó padà sí Ìfọ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fojú kan Adébánjí mọ́. Bí ó bá rántí rẹ̀ lórí òrùlé, ìṣó ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú. Àwo kò tà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, ó parí. Ẹ wá wò ó báyìí: ayé ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń kan sáárá sí Olúgbádé lórí ìlù tí òun fọwọ́ ara òun lù. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Èyí, gbogbo ayé ni. Ó da ògì nù, ó wọ fìlà rẹ̀, ó jáde sójú títì.

Ọkọ̀ tó wọ̀ lọ sí Òkè-Àró, kò dákẹ́ nínú rẹ̀. Ó ń lu ẹ̀yìn àga iwájú títí arákùnrin tó jókòó síbẹ̀ fi yíjú padà. Ó tọrọ àforíjì, ọwọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Ròkíátù àkọ́bí rẹ̀, tó ń ránṣọ, kò tíì jókòó tó ti ń rojọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná," ni Ròkíátù wí. Ó ti kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò rójú gbọ́ ọ. "Orin wo lẹ ń sọ?"

Ó wá a lórí fóònù. Kò pẹ́ rárá kó tó yọ. Àwọn ọmọ òyìnbó ń jó o, àwọn ọmọ Ṣáínà ń jó o. Ẹnì kan ya àwòrán Olúgbádé tó di ọ̀pá ìlù méjèèjì mú, iná ń jó lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀ kò lóǹkà, Ròkíátù sì ń kà wọ́n fún un: Olúgbádé, onílù tó ju onílù lọ. Inú ọmọbìnrin náà ru. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé, Bàbá mi ló lu ìlù yìí o, Àbúbákr lorúkọ wọn. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi dá a lóhùn pé, bàbá tèmi náà ló kọ́ Third Mainland Bridge. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rẹ́rìn-ín sí i.

Àbúbákr kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lásún ti kú. Muqtadir ti kú. Adébánjí nìkan ló kù tó lè sọ ọ́. Ẹnu tó bà á jẹ́ náà ló máa tún un ṣe."

"Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ń gbé?"

"Mi ò mọ̀. Dìde."

"Bàbá, mo ní aṣọ oníbàárà nílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la now."

Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ròkíátù bọ́ téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sáré tẹ̀ lé e. Ó mọ bàbá rẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ lé e, ó lè dá lọ, kó sì lọ bá ẹni ẹlẹ́ni jà.

Wọ́n gba Agbádó yọ sí Berger, wọ́n bọ́ sí márosẹ̀ Ìbàdàn, wọ́n sì sọ̀ ní Ìbafò, níbi tí Sùwéébátù, opó Lásúnkànmí, ti ń ta yìnyín àti omi inú ọ̀rá. Sùwéébátù mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Ó ní ìka ló fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú.

"Bàbá Ròkíátù! Orin yín ti padà wáyé. Àwọn ọmọ mi gbé e wá fún mi. Mo gbọ́ gìtá olóògbé, mo sunkún, mo sì jó." Ó fún wọn ní omi tútù. Àbúbákr gbà á, kò mu ún, ó bi í níbi tí Adébánjí wà. "Bánjí? Ó wà ní Káńpù, ní Redemption. Alàgbà ni níbẹ̀. Wọ́n ní kì í kọ orin ayé mọ́."

"Á kọ tòní."

Sùwéébátù wò ó díẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀ o. Olóògbé máa ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yẹn. Ó máa ń ní ẹ ti bínú lọ kí ẹ tó gbọ́ téèpù."

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́ nínú téèpù? Ojú mi ló ṣe," ni Àbúbákr wí. Ó ti ń dá kẹ̀kẹ́ Marúwá dúró.

Bí wọ́n ṣe ń kọjá ní Mowé, ó ń na ọwọ́ sí òrùlé lọ́tùn-ún lósì. Èyí, òun ni. Èyí tó pupa yẹn, òun ni. Ilé kan wà tí páànù rẹ̀ ti ṣí létí kan, ó fẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ dúró kó lọ bá wọn wí pé ta ló gun orí rẹ̀. Ròkíátù ní kó má dúró. Kò jìnnà sí ẹnubodè Káńpù, wọ́n tún kọjá gbọ̀ngàn kan tó gùn gbọọrọ, ó ní òun kan òrùlé ìyẹn náà, ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ó wá rò ó pé bóyá Adébánjí ti wà nítòsí láti ìgbà náà, lábẹ́ hámà òun, òun kò sì mọ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ lásán ni, kò sí ìsìn, Káńpù dákẹ́. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì wo híjáàbù Ròkíátù, ó wo fìlà Àbúbákr, ó kí wọn káàbọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì júwe ilé Alàgbà Adébánjí fún wọn. Stella ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Adébánjí wà lẹ́yìn ilé, ó ń bu omi sí ẹ̀fọ́. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ó gbójú sókè.

"Àbú."

"Bánjí."

Stella gbé àga ike wá. Àbúbákr kò jókòó, ó ń rìn síwá-sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè ẹ̀fọ́, ó sì ń rojọ́: rédíò, fóònù, àwòrán Olúgbádé tòun ti iná lórí. Ó dé orí bàbá rẹ̀ àti agbádá kan ṣoṣo yẹn. Adébánjí kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Àwọn onírédíò pè mí," ni Adébánjí wí nígbà tí Àbúbákr sọ tirẹ̀ tán. "Mo ní mi ò sí nínú orin yẹn mọ́, kí wọ́n má pè mí mọ́."

"O wá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa parọ́."

"Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ, Àbú. Mo fi Ọlọ́run búra. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Pe orúkọ mi. Nínú orin, níbi tó yẹ kó wà. Ròkíátù á ká a sílẹ̀, á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Adébánjí wo ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú lórí orin ayé. Stella ló fọhùn: "Bàbá Tìmílẹ́hìn, orúkọ èèyàn wá di orin ayé? Ẹ pè é fún wọn jàre."

Bọ́rọ̀ ṣe yanjú nìyẹn. Stella wá ike ọ̀dà ńlá kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbé ọmọrí ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kó ṣíbí onígi méjì jáde láti ilé ìdáná. Àbúbákr jókòó wàyí. Kò tíì lu ohun tí wọ́n ń pè ní ìlù láti ọjọ́ tó ti kúrò ní sítúdíò, ṣùgbọ́n bí ó ṣe mú ṣíbí náà ni èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ròkíátù gbé fóònù sókè. Ìlù bẹ̀rẹ̀, Adébánjí ń pàtẹ́wọ́, orí Stella ti ń mì, ó sì ń díbọ́n pé kò mì.

Ohùn Adébánjí kò gbó púpọ̀. Ta ló ń ta gìtá? Lásúnkànmí ni. Àwọn méjèèjì wo ara wọn níbẹ̀, wọ́n sì ń bá a lọ. Ta ló ń fun fèrè? Muqtadir ni. Ta ló ń lùlù? Ìlù yí.

"Olúgbádé, ọba wa!"

Àbúbákr dìde fùú, ike ọ̀dà yí dànù. "O tún ṣe é! Bánjí, o tún ṣe é! Lójú mi, lójú ọmọ mi!" Ó ń wá fìlà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ni fìlà wà. "Ròkíátù, jẹ́ ká máa lọ."

"Jókòó," ni Adébánjí wí. Ojú ti òun náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. "Lọ́jọ́sí, o ò jókòó. Jókòó lónìí. Ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Àbú, má gbọ́ ẹnu mi o. Ọwọ́ ẹ ni kí o gbọ́."

Ròkíátù tẹ fóònù. Wọ́n gbọ́ orúkọ Lásúnkànmí, wọ́n gbọ́ ti Muqtadir. Ó dé ibi tí ìlù ti yí. Àbúbákr gbọ́ ọ: méjì kíákíá, ó fo ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ igi gba etí ike.

Ó ní kí ọmọ rẹ̀ tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Bákan náà ni. Bí ó ṣe máa ń yí i nìyẹn nígbà tí ọ̀gá wà lẹ́yìn aṣọ. Ìlù tó ń pe Olúgbádé jáde ni, kò sí ohun mìíràn tó ń sọ.

"Ìlù ló ń darí ẹnu," ni Adébánjí wí. "O yí i fún ọ̀gá, mo pe ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú téèpù. Lásún àti Muqtadir gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta la jọ gbọ́ ọ."

"O ò sì wá sọ fún mi?"

"Mo wá. Mo wá sí Ìfọ̀. Wọ́n ní o wà lórí òrùlé kan lẹ́yìn ọjà. Mo dúró sísàlẹ̀, mo fẹ́ pè ọ́, mo wá gbọ́ hámà ẹ." Adébánjí fi ìka lu orúnkún ara rẹ̀: méjì kíákíá, ó fo ọ̀kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbà á. "Òun náà lò ń lù. Mo ní tí mo bá sọ fún ẹni yìí lókè tó wà yẹn, á já bọ́. Mo padà sílé. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ń tì mí."

Àbúbákr wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo òrùlé tó na ọwọ́ sí lójú ọ̀nà, èyí tó pupa, èyí tó ṣí létí, gbọ̀ngàn tó gùn yẹn. Orúkọ ọ̀gá ló ń kàn mọ́ wọn lórí láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bínú sí ẹnu Adébánjí, ọwọ́ tirẹ̀ ló sì ń pe Olúgbádé. Ó dùn ún, ó dùn ún débi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ike ọ̀dà padà. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Màá yí i sí nǹkan mìíràn."

Wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó débẹ̀, ọwọ́ gba ọ̀nà tó mọ̀. Adébánjí fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kó má baà kígbe, Stella bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un ṣe, Àbúbákr sì di ṣíbí mú pinpin bí ẹni tó fẹ́ fún un lọ́rùn pa, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọwọ́ tún lọ síbẹ̀. Ó ju ṣíbí kan sínú ẹ̀fọ́.

"Bàbá," ni Ròkíátù wí, "tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kàn má lu nǹkan kan."

"Onílù tí kò lùlù?"

"Ibẹ̀ nìkan ni. Ẹ kàn gbé ọwọ́ sókè."

Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ ìsọkúsọ sí. Ṣùgbọ́n ó lọ ṣa ṣíbí náà nínú ẹ̀fọ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó jókòó. Orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe Lásúnkànmí, wọ́n pe Muqtadir. Ta ló ń lùlù?

Àbúbákr gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó rí bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, apá rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì dì wọ́n mú síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún dúró. Kò sí ìró kankan lẹ́yìn ilé náà. Adébánjí, tí ìlù kankan kò sọ ohun tó máa sọ fún un, mí, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú, ó sì rò ó kó tó la ẹnu.

"Àbúbákr ni. Àbúbákr ọmọ Sàlámì, ará Ìfọ̀."

Ròkíátù ní kí wọ́n máa bá a lọ, orin kò tíì parí. Àbúbákr kò gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè, wọn kò sì gbọ̀n mọ́.